Bí Mo Ṣe Jẹun Láti Ìlú dé Ìlú ní Ilẹ̀ Ítálì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọ̀rọ̀ oúnjẹ mu púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé Èkó tàbí Ìbàdàn, tí ó bá gbọ́ orúkọ ilẹ̀ Ítálì, ohun tí yóò sọ sí i lọ́kàn ni màkàróónì, sìpàgẹ́tì àti pizza, bí ẹni pé inú ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà ti ń sebẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, Rìsíkátù, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bologna. Àwọn mìíràn a máa lọ sí ilẹ̀ náà nítorí ilé ìjọsìn ńláńlá àti àwọn òkúta àtijọ́. Èmi kò bá tìyẹn lọ. Oúnjẹ ni mo bá lọ, nítorí pé mo ti kà nípa rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí i, kí n sì fi ẹnu ara mi tọ́ ọ wò.

Kí a tó lè mọ ìdí tí oúnjẹ wọn fi yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ó yẹ kí a mọ̀ pé ọmọdé ni orílẹ̀-èdè Ítálì fúnra rẹ̀. Ọdún 1861 ni wọ́n tó kó púpọ̀ nínú àwọn ìlú wọn jọ sábẹ́ ọba kan. Kí ó tó di ìgbà náà, ọba ní ilẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìjòyè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, Póòpù pàápàá ní ìlú tí ó ń jọba lé lórí, Bologna sì wà lára wọn. Ohun tí ilẹ̀ kálukú bá mú jáde ni kálukú ń jẹ. Ní ìhà àríwá, níbi tí òtútù ti mú tí màlúù sì pọ̀, bọ́tà ni wọ́n fi ń se nǹkan. Ní ìhà gúúsù, níbi tí oòrùn ti ń ràn, òróró ólífì ni. Ní agbègbè Vercelli àti Milano, ìrẹsì ni wọ́n fi ń yangàn. Ní Veneto, ọkà ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n ń pè ní polenta ni. Bí ènìyàn bá dé Trapani ní erékùṣù Sicily, kúskúùsì ni yóò bá nínú àwo, èyí tí ó ti ilẹ̀ Áfíríkà kọjá òkun wá bá wọn. Ìpínlẹ̀ 20 ni wọ́n ní lónìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kò tilẹ̀ tó láti fi ṣe ìdíwọ̀n. Ìlú kan lè wà tí kò jìnnà sí èkejì ju bí Ìkirè ti jìnnà sí Ìbàdàn lọ, kí wọ́n má sì ka ọbẹ̀ ara wọn sí ọbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá mọ bí Ìjẹ̀bú ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìkọ́kọrẹ́ àti bí Èkìtì ti ń sọ̀rọ̀ nípa iyán, ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé e.

Ọkùnrin kan wà tí ó gbìyànjú láti kó oúnjẹ àwọn ìlú wọ̀nyí jọ sínú ìwé kan. Pellegrino Artusi ni orúkọ rẹ̀. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Forlimpopoli ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1820, ó sì ṣe òwò aṣọ ní Florence títí ó fi di olówó. Kì í ṣe alásè. Ọdún 1891 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi tẹ̀ ẹ́ nítorí pé àwọn atẹ̀wé kò fẹ́ dáwọ́ lé e. Irú oúnjẹ 475 ni ó wà nínú ìwé náà ní àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i láti ìlú wọn, wọ́n ń sọ bí ìyá wọn ti ń se tiwọn. Òun náà a fún àwọn tí ń dáná fún un, Marietta Sabatini àti Francesco Ruffilli, pé kí wọ́n sè é wò. Kí ó tó kú ní ọdún 1911, iye náà ti di 790. Wọ́n ṣì ń ta ìwé náà títí di òní. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nítorí pé ìgbà tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ó tó ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ olùkọ́ mọ ohun tí ìyẹn ń sọ.

Bologna ni mo kọ́kọ́ jẹ ní àjẹmọ̀. Ìlú náà ní oríkì mẹ́ta: wọ́n ń pè é ní Ọ̀mọ̀wé, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ni wọ́n kà sí àgbà gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ń pè é ní Apọ́nbéporẹ́, nítorí àwọ̀ bíríkì àti òrùlé rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Asanra, nítorí oúnjẹ. Òpópónà tóóró tóóró ni ọjà àárín ìlú wọn. Ẹran ń rọ̀ lókè, wàràkàṣì tó bí táyà ọkọ̀ tò sílẹ̀, àwọn obìnrin sì wà lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n ń fi igi gígùn tẹ ìyẹ̀fun àlìkámà àti ẹyin di pẹlẹbẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí aṣọ. Ẹyin kan sí ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìyẹ̀fun ni ìlànà wọn. Bí wọ́n bá gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó di tagliatelle. Ní ọdún 1972, ẹgbẹ́ kan tí ń rí sí oúnjẹ ilẹ̀ wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé àjọ àwọn oníṣòwò Bologna, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú agbẹjọ́rò pé ìbú tagliatelle tí a ti sè gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́jọ, kí ó má dín, kí ó má lé. Wọ́n fi wúrà ṣe ẹyọ kan fún àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1982, wọ́n tún kọ bí a ti ń se ragù, ọbẹ̀ ẹran tí a fi ń jẹ ẹ́, sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn ìgbà tí mo ti padà dé ilé, wọ́n tún un kọ. Kò sí ará Bologna kan tí yóò da ọbẹ̀ yìí sórí sìpàgẹ́tì. Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ibòmíràn ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì ń fi orúkọ Bologna pè é.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wúrà yìí, mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mùsùlùmí ni mí, àbúrò mi náà sì ni. Ní gbogbo agbègbè Bologna, ẹlẹ́dẹ̀ ni ọba oúnjẹ. Ó wà nínú ragù, ó wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń gé sínú búrẹ́dì, ó sì wà nínú tortellini, èyí tí ìlú náà fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ti sọ fún mi kí n tó kúrò nílé pé bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à di ìkúùkù. Mo ní ìkúùkù yẹn kò lè dì ní ti ìsìn. Ní ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, a wọ ilé oúnjẹ kan, àbúrò mi sì fi èdè wọn béèrè ohun tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Agbáwo náà wò wá láti òkè délẹ̀. Ó ní bí a kò bá jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kí ni a wá ṣe ní Bologna? Àbúrò mi dá a lóhùn pé iṣẹ́ ni òun wá ṣe, ọdún kẹrìnlá òun sì nìyẹn. A dìde, a jáde.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àlàbí, wà pẹ̀lú wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Bologna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sí ilé-ìwé, èdè Ítálì rẹ̀ sì dùn ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kò fi ẹnu kan tortellini rí ní ayé rẹ̀. Bí a ti ń lọ lójú ọ̀nà, ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, ‘Mọ́mì, ṣé èmi kì í ṣe ará Bologna ni?’ Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Òfin ọdún 1992 ní ilẹ̀ wọn sọ pé ọmọ tí àwọn àjèjì bá bí síbẹ̀ yóò dúró di ọmọ ọdún 18 kí ó tó lè béèrè fún ìwé ọmọ-ìlú, àyàfi bí òbí rẹ̀ bá ti gbà á ṣáájú. Nítorí náà, ìbéèrè ọmọ náà ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n ó wá ohun tí ẹni bí èmi lè jẹ ní ilẹ̀ yẹn, kì í ṣe oúnjẹ ilé àjèjì, bí kò ṣe oúnjẹ tiwọn gan-an. Ẹ̀yìn gíláàsì nínú ọjà ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Tortelloni ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni sí tortellini, ó tóbi jù ú lọ, wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní ricotta ni wọ́n sì ń dì sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewé díẹ̀. Bọ́tà tí a yọ́ ni wọ́n ń dà lé e. Oúnjẹ Bologna pọ́ńbélé ni, kò sì sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Agbáwo ọjọ́sí mọ̀ ọ́n dájú. Ó kàn wù ú láti má sọ ni.

Láti Bologna, a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ jẹ́ ọ̀nà àtijọ́. Àwọn ará Róòmù ni wọ́n là á ní ọdún 187 kí wọ́n tó bí Jésù, láti Rimini létí òkun títí dé Piacenza, títí di òní ni Bologna, Modena, Reggio àti Parma sì tò sí ojú ọ̀nà náà bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn. Nínú ọ̀nà kúkúrú yìí ni wàràkàṣì tí wọ́n ń pè ní Parmigiano Reggiano ti ń jáde. Mo rí bí wọ́n ti ń ṣe é ní òwúrọ̀ kan, mo sì lè sọ pé n kò rí iṣẹ́ oúnjẹ tí ó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Wàrà tí wọ́n fún ní alẹ́ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ di òwúrọ̀, wọ́n á ré ọ̀rá orí rẹ̀, wọ́n á sì da wàrà òwúrọ̀ mọ́ ọn nínú ìkòkò bàbà tí ó rí bí agogo tí a dojú rẹ̀ sókè. Ohun tí ó ń mú un dì ni omi tí wọ́n ń rí nínú àpòlúkù ọmọ màlúù. Àwọn obìnrin Fúlàní tiwa a máa lo ewé bomubomu fún irú iṣẹ́ yìí kan náà. Bí ó bá ti dì, wọ́n á fi ọ̀pá tútú u wẹ́wẹ́, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á fi aṣọ gbé e jáde, wọ́n á sì gbé e sínú àwo róbótó kí ó lè dúró. Lẹ́yìn èyí, ó di inú omi iyọ̀ fún bí ogúnjọ́. Nǹkan bí lítà wàrà 550 ni ó ń lọ sínú ẹyọ kan, ẹyọ náà yóò sì wọ̀n tó nǹkan bí 40 kìlógíráàmù.

Ìdúró gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Oṣù méjìlá ni ó kéré jù tí yóò lò lórí pẹpẹ. Òmíràn a lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Bí oṣù méjìlá bá pé, ọ̀gá kan yóò mú òòlù kékeré, yóò máa fi kàn án yí ká, yóò sì máa tẹ́tí. Bí ihò bá wà nínú rẹ̀ tàbí bí ó bá ya, ohùn rẹ̀ yóò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ìyá wa ti ń fi ìka gbá ìkòkò amọ̀ lójú ọjà kí wọ́n tó sanwó. Èyí tí kò bá yege, wọn kò ní jẹ́ kí ó jẹ́ orúkọ náà ní kíkún. Báǹkì kan wà ní agbègbè náà, Credito Emiliano, tí ó ń gba wàràkàṣì yìí dógò. Àgbẹ̀ yóò kó o lọ sí ilé ìṣúra wọn, wọn yóò máa bá a tọ́jú rẹ̀, wọn yóò sì yá a lówó lé e lórí títí yóò fi gbó tó títà. Láti nǹkan bí ọdún 1953 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé ta ni yóò yá àwọn tí ń ṣe wàrà ní ìhà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí lówó lórí ohun tí wọ́n ṣe, n kò sì rí ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó fún wàràkàṣì náà ní irú iyì yìí ni òfin. Láti ọdún 1996 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀: àwọn agbègbè kan ní àyíká Parma, Reggio, Modena, Bologna àti Mantova nìkan ni ó lè ti wá. Àwọn ará Jámánì jiyàn pé kò sí ohun tí ó burú bí àwọn bá pe tiwọn ní Parmesan. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ gíga àjọ náà sọ pé orúkọ Parmesan ń mú Parmigiano Reggiano wá sí ọkàn ẹni tí ó bá gbọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú ni ó ń pe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Modena ni ọtí kíkan. Kì í ṣe èyí tí a fi ń se nǹkan lásán. Omi èso àjàrà ni wọ́n ń gbé ka iná títí yóò fi ki, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú àgbá onígi tí wọ́n tò sí àjà ilé láti ńlá dé kékeré. Ní ọdọọdún, wọ́n á fa díẹ̀ jáde nínú èyí tí ó kéré jù, wọ́n á fi ti inú èyí tí ó tẹ̀ lé e dí i, bẹ́ẹ̀ títí dé orí èyí tí ó tóbi jù. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn yóò gbẹ ẹ́, òtútù yóò mú un sinmi. Ọdún 12 ni ó kéré jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní àgbà a máa tó ọdún 25. Ìgò kékeré kan, tí kò gbà ju ìdá mẹ́wàá lítà lọ, ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Àwọn ìdílé kan a máa dá àgbá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, kí ó lè gbé e lọ sí ilé ọkọ. Ìsìn wa kò sì fi í ṣe èèwọ̀, nítorí ọtí tí ó bá ti kan fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ọtí. Ẹ̀kán mẹ́ta ni wọ́n kán sórí wàràkàṣì fún mi. Ó dùn, ó kan, ó sì pẹ́ lẹ́nu mi tí mo fi dé ibùdókọ̀. Èyí tí ó pọ̀ lórí àtẹ, tí kò wọ́n, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ tí ó jọ ti èyí, ọmọ ìyá rẹ̀ kọ́. Ẹ máa wo ara ìgò dáadáa.

Ní Modena ni mo ti gbọ́ ìtàn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 20 àti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2012, ilẹ̀ mì ní agbègbè náà. Àwọn ènìyàn kú, ilé wó, pẹpẹ wàràkàṣì sì dà wó lé ara wọn. Àwọn tí ó bàjẹ́ lé ní 300,000. Wàràkàṣì tí ó ti ya kò lè dúró mọ́, ó di dandan kí wọ́n tà á kíá. Alásè kan ní ìlú náà, Massimo Bottura, mú oúnjẹ àwọn ará Róòmù kan, èyí tí wọ́n fi sìpàgẹ́tì, ata dúdú àti wàràkàṣì àgùntàn sè, ó fi ìrẹsì rọ́pò sìpàgẹ́tì, ó sì fi Parmigiano rọ́pò wàràkàṣì àgùntàn. Ó kéde rẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ra díẹ̀ kí ó sì sè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé àti ní ẹ̀yìn odi ni ó sè é. Ẹ kíyè sí i: oúnjẹ Róòmù ni ó yí padà láti fi gba oúnjẹ Modena là, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Owó mi kò gbé mi dé Napoli, nítorí náà n kò ní sọ púpọ̀ nípa pizza, ju pé àjọ UNESCO ti kọ iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe é níbẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 2017. Genoa ni a lọ, fún ọjọ́ méjì. Òkè ni gbogbo ìlú náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé Abẹ́òkúta sí etí òkun. Wọ́n ń gún ewé kan nínú odó òkúta pẹ̀lú ọmọ odó onígi, pẹ̀lú aáyù, iyọ̀, èso igi páìnì, wàràkàṣì àti òróró ólífì; pesto ni wọ́n ń pè é. Kí n tó rí ewé náà ni mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì ní, ‘Efínrín mà nìyí!’ Ẹbí efínrín ni lóòótọ́, tiwọn kàn rọ̀ jù, kò sì ta ni lẹ́nu. Wọ́n tún ní ohun kan tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà wọn, omi àti òróró pò, tí wọ́n ń yan nínú àwo bàbà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná igi. Farinata ni. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò ní ẹran, àwọn òṣìṣẹ́ etí òkun ni wọ́n sì ń tò láti rà á. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ ní Ítálì, òun ni mo lè jẹ lójoojúmọ́.

Òtítọ́ kan wà tí àwọn tí ń ta oúnjẹ fún arìnrìn-àjò kì í fẹ́ sọ. Púpọ̀ nínú àwọn oúnjẹ olókìkí wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù ń jẹ láyé àtijọ́. Àgbẹ̀ ni ó ń fún wàrà, olówó ni ó ń jẹ wàràkàṣì. Ní Veneto àti Lombardy, ọ̀pọ̀ tálákà ni kò rí nǹkan jẹ ju polenta lọ láti oṣù dé oṣù, àìsàn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó wọn lára, ó ń da orí wọn rú, ó sì ń pa wọ́n. Pellagra ni orúkọ rẹ̀. Àìjẹ ohun mìíràn mọ́ àgbàdo ni ó fà á. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n tiwọn kò kúrò. Láti ọdún 1876 títí di ọdún 1915, nǹkan bí mílíọ̀nù 14 ènìyàn ni ó fi Ítálì sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, Brazil, Argentina àti ibòmíràn. Ọmọ-ọmọ àwọn tí ebi lé jáde ni ó ń fi wúrà wọn tagliatelle lónìí. Èmi kò bá wọn wí. Ẹni tí ebi ti pa rí ni ó mọ bí a ti ń ṣọ́ ìkòkò.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ náà ní ibi tí ó yẹ kí ó mọ. Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ni àwọn ará Bologna ń ṣe ọdún San Petronio, ẹni mímọ́ ìlú wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣètò pé nínú tortellini tí wọn yóò gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ náà, kí wọ́n fi ẹran adìẹ sínú díẹ̀, kí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè bá wọn jẹ. Wọn kò yọ ti ẹlẹ́dẹ̀ kúrò. Ariwo ta. Matteo Salvini, olóṣèlú ńlá kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ipò mínísítà ní oṣù tí ó ṣáájú, ní wọ́n fẹ́ pa ìtàn àti àṣà àwọn rẹ́. Ó di dandan kí ilé iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, Matteo Zuppi, jáde wá ṣàlàyé pé àfikún lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Àlàbí ní ọdún náà. Ilé-ìwé ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà wálé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi, bí mo sì ti ń rò ó ni ó túbọ̀ ń lọ́jú. Ọdún 2012 ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó yí oúnjẹ padà nítorí wàràkàṣì. Ọdún 2019 ni wọ́n bú àwọn tí ó yí i padà nítorí ènìyàn. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ kan ti kọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú tortellini sílẹ̀ ní ọdún 1974, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé Artusi wò. Nígbà tí ó ń kọ nípa cappelletti, àbúrò tortellini ní Romagna tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ricotta àti àyà àkùkọ tí a tẹ̀ lọ́dàá ni ó ní kí a dì sínú rẹ̀. Bí a kò bá rí àkùkọ, ó ní kí a fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ dípò. Adìẹ ni onílé níbẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ ni àlejò.

Ìyá àgbà kan wà tí ó ń gbé lókè ilé àbúrò mi, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo fẹ́ padà, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá kọ́ wa bí a ti ń dì í. Ó gbé igi ìtẹ̀yẹ̀fun tirẹ̀ dání, ó dì í mú bí ọdẹ ti ń di ìbọn mú, nítorí pé kò fọkàn tán igi ẹlòmíràn. Nígbà tí ó rí i pé adìẹ ni a gún sílẹ̀ pẹ̀lú ricotta àti Parmigiano, ó mí kanlẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi sọ ohun tí Artusi kọ fún un.

‘Artusi?’ ni ìyá náà wí. ‘Ṣebí ará Romagna ni? Kí ni ará Romagna mọ̀ nípa tortellini?’

Síbẹ̀ ó tẹ ìyẹ̀fun náà. Apá rẹ̀ kò dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, ìyẹ̀fun náà sì fẹ́lẹ́ títí mo fi ń rí àwọ̀ tábìlì lábẹ́ rẹ̀. Ó gé e sí kéékèèké bí sítáḿpù lẹ́tà, ó fi ẹran bí èso ẹ̀wà kan sí àárín ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ po, ó sì fi ìka wé e. Èmi ṣe ogún, ó tú mẹ́rìndínlógún. Ó ní ọwọ́ mi le. Àbúrò mi ṣe díẹ̀, ó dákẹ́ sí i. Nígbà tí ó kan Àlàbí, ìka rẹ̀ kéré, ó sì yára. Ó tò wọ́n sórí aṣọ ní ìlà gbọọrọ, wọn kò sì yàtọ̀ sí ti ìyá àgbà. Obìnrin náà mú ọ̀kan, ó yí i sókè, ó yí i sódò. Ó bi í pé níbo ni wọ́n ti bí i. Ọmọ náà dárúkọ ilé ìwòsàn tí ó wà lẹ́yìn ọ̀nà ojú irin. Ó ní ibẹ̀ ni òun náà bí àwọn ọmọ òun sí.

A sè wọ́n nínú omi ẹran adìẹ, a sì bù ú gbígbóná. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá àgbà jẹ tirẹ̀ tán, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe tortellini. Àlàbí bi í pé kí ni kí a máa pè é nígbà náà. Ó rò ó, ó tún un rò, ó sì na àwo rẹ̀ sí àbúrò mi pé kí ó bu sí i.